Mpiyakhe Nsele àti Ọ̀rá Èèkàn

Èmi ni mo fi kùmọ̀ fọ́ ọwọ́ òsì Mpiyakhe Nsele. Mo fẹ́ kí ẹ ti mọ èyí kí n tó sọ ìtàn ayé rẹ̀ fún yín, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo ń fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ara mi mọ́lẹ̀. Mfaniseni Zikhali ni orúkọ mi. Ọgbà ẹja bàbá mi àti ọgbà ẹja Mpiyakhe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní Kosi, níbi tí adágún ti ń tú sínú òkun.

"Ogun rẹ̀" ni ìtumọ̀ Mpiyakhe lédè wa. Ọjọ́ tí wọ́n bí i ni bàbá rẹ̀ àti àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ ń fi ọ̀kọ̀ gún ara wọn nítorí ààlà ọgbà. Ẹnikẹ́ni ò kú lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n etí bàbá rẹ̀ kan bọ́ sínú omi, wọn ò sì rí i mọ́. Ọmọ tí wọ́n bí sínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ṣé ẹ fẹ́ kó máa ṣe jẹ́jẹ́ ni? Nígbà tó fi máa pé ọmọ ogún ọdún, kò sí abúlé kan láti ọ̀dọ̀ wa títí dé ẹnubodè Mozambique tí wọn ò ti mọ ọ̀pá rẹ̀. Níbi ìgbéyàwó, àwọn ọ̀dọ́kùnrin wa a máa fi ọ̀pá jà ṣeré. Ti Mpiyakhe kì í dúró lórí eré. Ó fọ́ eyín ọkọ ìyàwó kan níbi ìgbéyàwó ọkùnrin náà gan-an. Ìyàwó ń sunkún, ìyá ìyàwó ń sunkún, Mpiyakhe jókòó ó ń jẹ ẹran tirẹ̀.

Ó lọ síbi ìwakùsà ní Johannesburg, ó sì lo ọdún mẹ́sàn-án níbẹ̀. Ní ilé tí wọ́n kó àwọn awakùsà sí, ìjà ẹ̀yà bẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú kan. Ó sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan péré, nígbà tí ẹmu ti wọ̀ ọ́ lára, pé òun yọ irin bẹ́ẹ̀dì, òun sì fi pa ọkùnrin kan tí òun ò mọ orúkọ rẹ̀. Kí ọkùnrin náà tó kú, ó ti fi ọ̀bẹ yọ ojú ọ̀tún Mpiyakhe. Ojú kan ló fi wálé. Láti ìgbà náà, kò gbé ọ̀pá mọ́. Bí àwọn ọmọdé bá ń fi irin lu irin, ó máa ń dìde kúrò níbẹ̀. Àwa ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Àkùkọ Tó Yé Ẹyin, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Bàbá rẹ̀ ti kú kó tó dé, ó sì ti fi ọgbà ẹja sílẹ̀ fún un. Lọ́dọ̀ wa, ọgbà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tà. Bàbá ni ń fi í sílẹ̀ fún ọmọ. Èèkàn lásán ni, tí a gún sínú omi ní ìlà tó tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ títí tí yóò fi dé ẹnu ìgèrè, níbi tí ẹja ti ń wọlé tí kò sì mọ ọ̀nà àbájáde. Ohun tó bá wọ ọgbà èèyàn, ti olọ́gbà ni, ẹja ni o, àkùrákúdà ni o. Lára èèkàn tó bá ti pẹ́ nínú omi, ohun pupa rẹ́súrẹ́sú kan máa ń hù tó ń yọ̀ lọ́wọ́. Ọ̀rá èèkàn là ń pè é. Ẹja ń wá lá a, nítorí náà ẹni tó bá fá ọ̀rá èèkàn ẹlòmíràn, ó fẹ́ pa ọgbà olúwarẹ̀ ni. Nǹkan méjì ló ń mú kí èèyàn gún èèyàn lọ́bẹ ní Kosi, ìyàwó àti ọgbà. Ọ̀rọ̀ ìyàwó, màlúù lè parí ẹ̀.

Dókítà Nokwazi Mabaso dé láti Durban ní ọdún tí ọ̀dá dá. Àwọn ìyá kọ́kọ́ gbé ọmọ tó ń wúkọ́ lọ bá a. Ó ní rárá o, òun kì í ṣe dókítà èèyàn, àwọn ohun abẹ̀mí inú omi tí ojú kò rí ni òun ń kọ́ nípa wọn. Bàbá mi, Ndodeni Zikhali, ẹni tí ẹ̀fẹ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ní aláìsàn tí kì í kérora, iṣẹ́ ìrọ̀rùn nìyẹn. Ó fún Dókítà láyè kó fi ọ̀bẹ fá ọ̀rá díẹ̀ lára èèkàn òun. Mpiyakhe ló ń bá a tu ọkọ̀.

Dókítà fi ọ̀rá náà sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, ó gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó sì ní ká wá wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ò rí nǹkan kan ju irun ojú ara mi lọ. Mpiyakhe gbé ojú kan rẹ̀ lé e, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin olójú méjì, ẹ ṣì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dijú kan. Èmi ti di tèmi láti Johannesburg." Ohun tó rí ni pé ọ̀rá yẹn kì í ṣe ọ̀rá. Ewé omi kéékèèké ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, olúkúlùkù sì fi gíláàsì kọ́ ilé tó ń gbé. Àwọn kan rí bí ọkọ̀ ojú omi, àwọn kan rí bí ìlù. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí Dókítà ò rí irú rẹ̀ nínú ìwé kankan. Ó gùn, ó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, orí rẹ̀ kan tẹ̀ bí ọ̀pá darandaran, àwọn ìlà wínníwínní sì wà lára rẹ̀ bí eyín òòyà.

Dókítà ṣàlàyé pé kí ayé tó lè gbà pé ewé náà jẹ́ tuntun, òun ní láti ṣàpèjúwe rẹ̀ sínú ìwé. Òun ní láti wọn ọgọ́rùn-ún tí kò fọ́, ka ìlà ara wọn, ya àwòrán rẹ̀, kí òun sì fi ọ̀kan pamọ́ sórí gíláàsì títí ayé, kí ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè wá fojú ara rẹ̀ rí i. Ká sòótọ́, iṣẹ́ apààyàn ni iṣẹ́ náà. Ó ń se ewé yẹn nínú ásíìdì tó gbóná títí ásíìdì yóò fi jẹ gbogbo ẹran ara rẹ̀, tí yóò sì ku ilé gíláàsì nìkan. Ásíìdì ta sí èjìká Mpiyakhe lọ́jọ́ kan, awọ ara rẹ̀ bó, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Mo bi í pé ṣé kò dùn ún ni. Ó ní ó ń dun òun, ṣùgbọ́n èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí òun yóò fara gbọgbẹ́ níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti bínú sí òun.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà. Ọ̀bẹ ń ṣẹ́ ewé náà. Nínú gbogbo èyí tí wọ́n fá, mẹ́ta péré ni kò kán. Wọ́n wá a lára èèkàn Mpiyakhe, wọn ò rí i, nítorí erinmi ti wó ọgbà rẹ̀ lọ́dún náà, èèkàn tuntun ló wà níbẹ̀. Ara èèkàn àtijọ́ nìkan ló ń gbé, èèkàn tó sì dàgbà jù ní Kosi ni ti bàbá mi. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti wà nínú omi.

Níbẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dá yẹn le sí i, ẹnu adágún di pẹ̀lú iyanrìn, ẹja ò wọlé mọ́. Ikọ́ kan mú bàbá mi, ó ń pọ ẹ̀jẹ̀. Èmi tí mo ti ń mu ẹmu láàárọ̀, mo ro ó síwá, mo ro ó sẹ́yìn, mo rí i pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti fá ọ̀rá èèkàn wa ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí bàbá mi kú, mo dúró lẹ́bàá sàréè rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, mo sì nawọ́ sí Mpiyakhe. Mo ní òun ló pa á. Mpiyakhe wolẹ̀. Mo gbà pé ẹ̀rí-ọkàn ló pa á lẹ́nu mọ́.

Àṣà wa nígbà ọ̀fọ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Títí di ọjọ́ ìwẹ̀nùmọ́, tí ẹbí yóò fọ ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ olóògbé, irin kò gbọdọ̀ kan ohunkóhun tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá fi irin kàn án, ó ń gún òkú náà lẹ́ẹ̀kejì ni. Lọ́jọ́ tí a bá fọ̀ wọ́n tán, àrólé yóò hú gbogbo èèkàn bàbá rẹ̀, yóò sì gún tirẹ̀. Èmi ni àrólé, mo sì ti ń pariwo kiri pé kò ní ku ẹyọ kan. Ẹ wá wo ohun tó wà níwájú Mpiyakhe. Bí kò bá rí ewé náà kó kí ọjọ́ ìwẹ̀nùmọ́ tó pé, kò ní sí ibì kan láyé tí yóò ti rí i mọ́. Kò sì lè wá tọrọ àyè lọ́wọ́ mi, torí mo ti búra lójú gbogbo ayé pé ọjọ́ tó bá dé ẹnu ọ̀nà mi ni màá bẹ́ ẹ lórí.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí a fọ ọkọ́ àti ọ̀kọ̀. Omi fà lọ sílẹ̀ gan-an láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́. Èmi àti àwọn àbúrò mi méjì ń bọ̀ létí omi, a sì rí èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ọgbà bàbá wa. Ohun kan ń kọ mànà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Àbúrò mi àgbà ní, "Irin nìyẹn." N kò dúró wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

A rọ́ wọnú omi. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo sì fi kùmọ̀ lé e ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn. Ó ṣubú lu èèkàn, ohun tó ń dán náà sì bọ́ sómi. Àbúrò mi kan tẹ orí rẹ̀ sínú omi, ó yọ ọ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ìkejì ń fi ẹsẹ̀ gbá a níhà, mo sì ń gbọ́ tí egungun ìhà ń ké. Ẹni tó ń fọ́ eyín ọkọ ìyàwó nígbà kan, kò gbé apá sókè láti gba ara rẹ̀. Ó kàn di ọwọ́ òsì rẹ̀ ni, ó há a mọ́ àyà. Nígbà tó rí èémí mí, ó ní, "Mfaniseni, bàbá ẹ ló rán mi."

Mo bi í pé, "Láti ọ̀run?" Mo tún lù ú lẹ́nu.

Mo rí ọwọ́ tó dì yẹn. Mo gbà pé oògùn tó fi pa bàbá mi ló wà níbẹ̀. Mo fà á lé orí èèkàn tó rẹ̀ sílẹ̀, mo ní kó ṣí i. Kò ṣí i. Mo fi kùmọ̀ lù ú, mo ní, "Ṣí i." Kò ṣí i. Ìgbà kẹta, nǹkan tó wà nínú ọwọ́ náà dún bí igi gbígbẹ, ẹ̀jẹ̀ sì pọ́n omi tó yí wa ká, síbẹ̀ àwọn ìka náà ò tú. Inú bí mi sí ìka. Ẹ rẹ́rìn-ín mi tí ẹ bá fẹ́, inú bí mi sí ìka èèyàn.

Nígbà tó dákú, a wọ́ ọ jáde sórí iyanrìn. Ìbínú wa ò tíì tán. A padà, a hú èèkàn bàbá wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ọdún mọ́kànlá, a kó wọn jọ sétí omi, a da kẹrosíìnì sí wọn. A ní ọgbà tí wọ́n ti bà jẹ́ kò dúró de ìwẹ̀nùmọ́ kankan mọ́. Igi tútù ni wọ́n, èéfín wọn ń ta wá lójú títí oòrùn fi gun òkè.

Èéfín yẹn ló mú ìyá mi jáde. Opó kì í jáde nínú yàrá lọ́dọ̀ wa títí ọjọ́ ìwẹ̀nùmọ́, nítorí náà nígbà tí wọ́n rí i tó ń bọ̀ lórí iyanrìn pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀, gbogbo èèyàn yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó wo Mpiyakhe nílẹ̀, ó wo iná, ó wá wo èmi.

Ó ní, "Bàbá yín ló rán an kó tó kú. Etí mi ni mo fi gbọ́ ọ. Ó ní àwọn ọmọ òun máa hú èèkàn òun, kó tètè wá mú ohun tó ń wá kí wọ́n tó hú u. Ó ní kó má ṣe mú irin wọ ibẹ̀."

Mo ní ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo wa la rí i. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún wa.

Ó ní, "Ta ló bi mí? Ọ̀bẹ náà dà?"

Mo ní ó bọ́ sómi. Ó ní kí n lọ wá a. Mo padà wọ inú omi náà, mo ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ níbi tí èèkàn wà tẹ́lẹ̀, omi sì ti ń kún bọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó tẹ ohun kan mọ́lẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo yọ ọ́. Ìkarahun ìṣáwùrú ni, tó fẹjú bí àtẹ́lẹwọ́, inú rẹ̀ ń dán. Ẹnìkan ti fi òkúta pọ́n etí rẹ̀ dáadáa, ọ̀rá èèkàn sì ṣì wà lára rẹ̀. Mo dúró sínú omi pẹ̀lú ẹ̀ lọ́wọ́, mi ò fẹ́ jáde.

Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ṣí ọwọ́ náà. Ó ti wú débi pé òun fúnra rẹ̀ ló há ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́ inú. Wọ́n gé ìka méjì kúrò kí wọ́n tó rí ìgò ike kékeré kan, tí kò ju àtàǹpàkò lọ, ìdérí rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí Dókítà Mabaso gbé ohun inú rẹ̀ sábẹ́ awò, ó jókòó sílẹ̀. Ìkarahun ò ṣẹ́ ewé náà bí ọ̀bẹ ti ń ṣẹ́ ẹ. Odidi ni wọ́n, ọgọ́rùn-ún àti méjìlá. Dókítà tọ̀ mí wá nílé, obìnrin tí kì í gbé ohùn sókè, ó gbá mi létí níwájú ìyàwó mi. Mo dúró de ìkejì, kò gbá mi mọ́.

Wọ́n pè wá síwájú baálẹ̀. Baálẹ̀ dá màlúù mẹ́ta lé wa lórí. Mpiyakhe, tí wọ́n gbé wá lórí ẹní, ní òun ò fẹ́ màlúù. Ó ní ọwọ́ kan kò gún èèkàn, kí Mfaniseni máa wá gún tòun, níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà láyé. Wọ́n bi mí bóyá mo gbà. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń gún èèkàn ọgbà méjì, tèmi àti tirẹ̀, tó sì ń jókòó sétí omi tó ń sọ fún mi pé èyí wọ́, ìyẹn ò wọlẹ̀ dáadáa. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ń yọ mí lẹ́nu ni. Àwọn ọjọ́ kan wà tí inú mi ń dùn pé ó ń yọ mí lẹ́nu.

Nígbà tí Dókítà kọ ìwé àpèjúwe náà dé ibi orúkọ, ó wá bá wa. Ó ní ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ẹ̀dá kan ló ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́ lórúkọ, òun sì fẹ́ fi orúkọ Nsele sọ ọ́, nítorí ọwọ́ tó lọ sí i. Mo ń hun ìgèrè nítòsí wọn, mo gbé orí sílẹ̀. Mpiyakhe gbọn orí. Ó ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Dókítà, inú ọgbà ta la ti mú un? Ohun tó bá wọ ọgbà èèyàn, ti olọ́gbà ni. Ẹ kọ Zikhali síbẹ̀."

Dókítà wò mí. Mo dìde, mo lọ sẹ́yìn ilé, mo sì sunkún bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú lójú rẹ̀. Òkú tí mo ní ó pa, òun ló wá fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ayé.

Ìwé náà dé ní oṣù tó kọjá. Dókítà jókòó sórí iyanrìn láàárín wa, ó ń fi èdè wa ka ohun tó wà nínú rẹ̀: bó ṣe gùn tó, iye ìlà ara rẹ̀, orí rẹ̀ tó tẹ̀. Àwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ Látìn gígùn kan tí Zikhali wà ní ìparí rẹ̀. Ó wá dé ibi tí wọ́n ti ń kọ ibi tí ẹ̀dá náà ń gbé. Ó ní, "Ọgbà ẹja Ndodeni Zikhali, lára èèkàn àtijọ́. A kò tíì rí i níbòmíràn."

Ojú ibi tí a ti dá iná yẹn ò jìn sí ibi tí a jókòó sí, koríko ò tíì hù níbẹ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mo ń fá ọ̀rá díẹ̀ lára èèkàn ọgbà méjèèjì láti ìgbà tí mo ti gún wọn, gbogbo ọ̀sẹ̀ ni Mpiyakhe sì ń gbé ojú kan rẹ̀ lé awò tí Dókítà fi sílẹ̀ fún un. Àwọn tó rí bí ọkọ̀ ti padà wá, àwọn tó rí bí ìlù ti padà wá. Dókítà ní èèkàn wa ṣì kéré lọ́jọ́ orí, pé kí a ní sùúrù, bóyá tó bá di ọdún mẹ́wàá. Mpiyakhe ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún, eruku ibi ìwakùsà sì wà ní àyà rẹ̀.

Ó fi ìka mẹ́ta tó kù ní ọwọ́ òsì rẹ̀ ti ìkarahun ìṣáwùrú náà sọ́dọ̀ mi lórí iyanrìn. Ó ní omi ti ń fà, kí n dìde.